Àwòrán Ẹ̀yìn Ìlú tí Bàbá Kọ̀ láti Túmọ̀

Àwọn tó ń wá kí wa kú ará fẹ́ra kù nílé Bàbá àgbà kì í tètè jókòó. Bí àlejò bá ti wọ pálọ̀ tán, ojú rẹ̀ á lọ sára ògiri, sórí àwòrán tí Bàbá fi kọ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí n kò tíì dáyé, á sì dúró. Mo rí pásítọ̀ kan tó gbàgbé àdúrà tó fẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni àlejò á bi mí, èmi Àbíkẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ni mo dàgbà sí, pé, "Kí ni Bàbá yà síbẹ̀ yẹn gan-an?" Èmi á ní ẹ̀yìn ìlú ni, ojú ọ̀nà tó jáde láti Ìlá lọ sí apá Ọ̀rà. Á tún wò ó, á mi orí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí òun rí fún mi.

N kò bá wọn wí. Bí ènìyàn bá sún mọ́ àwòrán náà, kò sí ohun tó máa rí ju ọ̀dà wẹ́wẹ́ tó to ara wọn lọ. Pupa níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, aró díẹ̀díẹ̀ káàkiri, bíi pé adìẹ tẹ ìkòkò aláró tó sì rìn kọjá lórí aṣọ. Àfi tó bá rìn padà dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni àwọn páànù tó ti dípẹtà á jáde lápá òsì, ọ̀nà pupa á gba àárín kọjá, ìkùukùu òwúrọ̀ á bo oko tó wà lápá ọ̀tún. Ọ̀pẹ kan dúró nínú ìkùukùu náà, àwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá àgbà, ìyàwó Bàbá, ní aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn ni àwọn rí. Ọlọ́kadà kan búra pé òun mọ kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà, pé ó ti gbé òun ṣubú rí. Èsì kan náà ni Bàbá máa ń fún gbogbo wọn nígbà ayé wọn: "Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀."

Olùkọ́ àwòrán ni Bàbá. Wọ́n kọ́ ọmọ ní Ọ̀tan Ayégbajú, wọ́n kọ́ ọmọ ní Ìlá, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ kan fi iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé kan hàn wọ́n, àwọn tó gbé pátákó wọn jáde kúrò nínú ilé lọ sí etí odò àti ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n ń sáré ya ìmọ́lẹ̀ kó tó yí padà. Bàbá ní gbogbo kíláàsì ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn òyìnbó yìí ò parí iṣẹ́. Ìgbà tí Bàbá wálé fún ìsinmi ni ojú wọn là. Wọ́n ń lọ sóko láàárọ̀ kùtù, wọ́n rí i tí ìkùukùu gbé ìdajì ọ̀pẹ mì, tí oòrùn bọ́ sórí páànù àtijọ́ tí páànù náà sì ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí oko fi kọjá àkókò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń di pátákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń jáde lọ síbi tí ilé ti parí. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ṣé àwọn òyìnbó yẹn ni wọ́n ń fara wé. "Wọ́n ní ẹ̀yìn ìlú tiwọn," Bàbá dá mi lóhùn, "èmi náà ní tèmi."

Kì í sí ọ̀dà dúdú nílé wa. Kì í ṣe pé ó tán, Bàbá kì í rà á ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi èédú ya igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi èédú náà kun òjìji rẹ̀ dáadáa. Bàbá fà mí lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi náà lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kí n wolẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni òjìji yẹn?"

Mo ní dúdú ni. Wọ́n ní kí n tún un wò. Mo tún ní dúdú ni, nítorí pé olóríkunkun ọmọ ni mí, n kò sì tíì fi í sílẹ̀. Bàbá ò bínú. Wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò, wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n, àwa méjèèjì wá ń wo òjìji bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, mo rí i. Aró wà nínú rẹ̀, àlùkò wà níbẹ̀, pupa ilẹ̀ sì ń yọjú láàárín wọn. Mo sọ ọ́. Bàbá fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n ti sọ fún ọ lo kọ́kọ́ rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bí mo ṣe di ẹni tí kò lè ra aṣọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́ nìyẹn. Bàbá kì í pe pupa ní pupa lásán. Pupa epo tó dì wà, pupa ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà, pupa ojú ẹni tó sunkún wà. Nígbà tí Màmá rán mi pé kí n ra òwú aláwọ̀ ewé wá, mo bi wọ́n pé ewé wo: ewé ìrẹsì ni àbí ewé tí ọyẹ́ ti nà? Màmá wò mí, wọ́n wo ọkọ wọn tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ agbádá, wọ́n ní, "Ó ti bà ọ́ jẹ́, kò sí ẹni tó máa fẹ́ ọ níbi ọjà."

Tọkọtìyàwó náà máa ń jà, ọ̀rọ̀ abọ́ sì ló máa ń dá a sílẹ̀. Kẹrosíìnì ni Bàbá fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, abọ́ Màmá tó bá sì wà nítòsí ni wọ́n máa mú. Lọ́jọ́ kan, Màmá fi ọ̀kan nínú àwọn abọ́ náà rẹ gàrí fún Bàbá láìmọ̀. Ilé ń rùn. Màmá dúró tì wọ́n, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń retí kí ọkọ wọn jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n fi abọ́ ṣe. Bàbá gbé ṣíbí, wọ́n mu tó ìlàjì láìfajú ro. Màmá ní, "Ṣé ó dùn?" Bàbá nu ẹnu. "Ó dùn," wọ́n ní, "ṣúgà ló kù díẹ̀."

Ìjà ti ṣọ́ọ̀ṣì kò parí sí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní kí Bàbá ya Jésù létí odò sí ara ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Bàbá ya odò kan tó jọ tiwa, wọ́n ya àwọn ènìyàn létí rẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀, omi ń tàn lára gbogbo wọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ń sọ láàárín ara wọn pé Jésù kò ní imú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi imú sí i. Bàbá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n dúró síwájú ìjọ, wọ́n ní ẹni tó wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kó dìde. Ẹni náà dìde. Bàbá bi àwọn àgbà tó wà níwájú pé, "Láti ibi tí ẹ jókòó sí, ṣé ẹ rí imú rẹ̀? Ṣé kò wá ní imú ni?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ẹni tó ń kọ síáìnì sára mọ́tò, ó sì fi imú sí i. Imú náà wà níbẹ̀ dòní, ó tóbi, bí o bá wọlé òun lo máa kọ́kọ́ rí. Bàbá ò kúrò ní ìjọ náà. Bí wọ́n bá ń kọrin, wọ́n á di ojú. Wọ́n ní, "Mo ṣì mọ bó ṣe rí kí imú tó dé."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í béèrè ohun tó wà nínú àwòrán pálọ̀ wa: àbúrò Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Ìyá kan náà ló bí wọn, ìyá náà sì tètè kú. Bàbá ló pọn àbúrò wọn, Bàbá ló kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kọbè. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré á yà wá láti oko, wọ́n á jókòó sórí àga tó kọjú sí àwòrán náà, àwọn méjèèjì á sì ta ayò títí oúnjẹ á fi délẹ̀. Bàbá Kékeré máa ń rẹ́ni jẹ. Ọmọ ayò kan á yọ́ bọ́ sí kòtò tí kò yẹ, Bàbá á wò ó, wọ́n á sì máa ta tiwọn lọ. Èmi tí mo ń wò wọ́n fẹ́ la ẹnu, Bàbá á fojú dá mi dúró. Nígbà tí Bàbá Kékeré ti lọ, mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. "Ó mọ̀ pé mo rí i," Bàbá ní. "Bí mo bá pariwo, gbogbo ilé á gbọ́."

Mo ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ lè mọ irú ìfẹ́ tó wà láàárín wọn kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó dé. Lọ́dọ̀ wa, pèrègún la fi ń mọ ààlà. Bí ìdílé méjì bá pín ilẹ̀, wọ́n á gbin pèrègún sí ojú ìlà. Kì í kú bọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fà á tu ti ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ilẹ̀ ìdílé wa ní ẹ̀yìn ìlú bá ti ìdílé mìíràn pààlà báyìí. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, katakata hú gbogbo pèrègún náà lọ, kò sì dun ẹnikẹ́ni nítorí pé oko ni ibẹ̀. Ìgbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dé apá ibẹ̀ ni ìjà dé. Àwa ní ẹ̀yìn ọ̀pẹ ni ààlà wà. Àwọn ìdílé kejì ní iwájú ọ̀pẹ ni. Orí ilẹ̀ tó wà láàárín yẹn ni bàbá tó bí mi fẹ́ kọ́lé sí, blọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀.

Bàbá Kékeré ló rántí àwòrán. Wọ́n ní àwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ọ̀pẹ nínú àwòrán ẹ̀gbọ́n wọn, pèrègún wa ni, pé Bàbá ti yà á tipẹ́ kí katakata tó dé, ẹ̀rí wo ló tún kù? Inú gbogbo ẹbí dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé wa máa gbà pé iṣẹ́ Bàbá wúlò. Bàbá nìkan ni kò bá wa yọ̀. Wọ́n ní kí a fi àwòrán náà sílẹ̀ síbi tó wà, a ò gbọ́.

A gbé e lọ sí àgbàlá olóyè tó ń parí ìjà ilẹ̀ ní àdúgbò. Ìdílé méjèèjì péjọ. Wọ́n gbé àwòrán náà sórí àga nínú oòrùn, olóyè sún mọ́ ọn, kò rí nǹkan kan. Bàbá ní kí gbogbo wa fà sẹ́yìn. A fà sẹ́yìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwòrán náà wá là bí ìgbà tí ènìyàn bá nu ojú fèrèsé. Olóyè na ọ̀pá sí àwọ̀ ewé náà. "Tíṣà, ọwọ́ yín ló yà á. Ṣé pèrègún rèé àbí kì í ṣe pèrègún?"

Bàbá wo àwòrán náà. Wọ́n wo àbúrò wọn. Bàbá tó bí mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí pé ó dá a lójú pé ilẹ̀ ti bọ́ sí wa lọ́wọ́.

"Olóyè," Bàbá ní, "n kò lè sọ pé pèrègún ni. Àwọ̀ ewé ni mo fi síbẹ̀. Pupa ọ̀nà yẹn ń fẹ́ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó lè tàn. N kò lè fi ọ̀dà búra lórí ilẹ̀."

Olóyè dá ilẹ̀ náà fún ìdílé kejì. Bàbá mi kó blọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò, ó sì pẹ́ kó tó tún máa jẹun nílé bàbá rẹ̀. Bàbá Kékeré ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n dìde láàárín ariwo, wọ́n lọ sílé, wọn ò sì wá ta ayò mọ́. Bí wọ́n bá rí Bàbá lójú ọ̀nà, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn. Gbogbo wa ní ìbínú ni, a sì ní wọ́n jàre. Èmi gan-an bínú. Mo jókòó níwájú Bàbá, mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi, ṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà? Bàbá ò yí ohùn padà. "Ohun tí mo sọ lójú gbogbo ayé," wọ́n ní, "òun náà ni mo mọ̀ nílé."

Kò sí ohun tó dùn mí nínú ayé Bàbá bí ìrọ̀lẹ́ wọn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á to ayò sílẹ̀. Wọ́n á retí. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọ́n á ta ti ọwọ́ wọn, wọ́n á tún na ọwọ́ sí ìhà kejì, wọ́n á ta ti àbúrò wọn. Màmá rán ènìyàn lọ bẹ Bàbá Kékeré, wọn ò wá. Ìdílé rán pásítọ̀, wọn ò wá. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, mo sọ ọ́ síta pé ẹni tí wọ́n pọ̀n dàgbà kò lè wá wò wọ́n lórí ibùsùn, pé ìwà burúkú ni. Bàbá juwọ́ pè mí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, mo ní láti tẹ̀ sí wọn lẹ́nu. "Ẹ má bá àbúrò mi jà. Ọ̀nà ilé yìí ò jìn sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo."

Wọ́n lọ láìrí i. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Kékeré dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn lábẹ́ igi, wọ́n sì ti lọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìgbà tí àlejò dín kù ni Bàbá Kékeré wá, láàárọ̀, nígbà tí Màmá ṣì ń sùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì pa ẹnu mi mọ́, nítorí pé ẹnu mi kì í dára bí inú bá ń bí mi. Wọn ò lọ sórí àga wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé méjèèjì. Mo ṣí i. Oòrùn wọlé.

"Pèrègún ni," wọ́n ní.

Mo ní ohun tí wọ́n fúnra wọn ti sọ nígbà ìjà ilẹ̀ nìyẹn.

"Dákẹ́, Àbíkẹ́, kí o gbọ́. Pèrègún ni. Èmi ni mo gbìn ín síbẹ̀."

Èdè Ìgbómìnà ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gun òkè. Iwájú ọ̀pẹ ni ààlà wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ń fẹ́ ilẹ̀ sí i láti fi gbin kòkó, ẹni tó ni ilẹ̀ kejì kò sì sí nílé, oko rẹ̀ ti di igbó. Wọ́n jáde láàárọ̀ kan tí ìkùukùu bolẹ̀, wọ́n fa pèrègún tu níwájú ọ̀pẹ, wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pẹ. Pèrègún kì í kọ ilẹ̀, ó hù. Wọ́n rò pé ìkùukùu nìkan ló rí àwọn. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n àwọn wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún pẹ̀lú pátákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

"Nígbà wo lẹ wá mọ̀?"

"Nílé olóyè. Ibí yìí máa ń ṣókùnkùn, orí ọmọ ayò sì ni ojú mi máa ń wà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sínú oòrùn ni mo rí ara mi."

Wọ́n rìn lọ síbi àwòrán náà, wọ́n fi ìka kan ìsàlẹ̀ àwọ̀ ewé náà. Ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀, kò ju ẹ̀wà lọ.

"Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Aṣọ oko mi nìyí. Nígbà tí olóyè béèrè, ojú ẹ̀gbọ́n mi àti ojú mi pàdé, mo sì mọ̀ pé ó tán. Wọ́n wá ní àwọn ò lè sọ. Wọ́n dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ mi sílẹ̀ fún mi. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wá ta ayò?"

"A rò pé inú ló ń bí yín."

"Inú kẹ̀? Ojú ló ń tì mí."

Mo wo àga wọn, mo wo ògiri tó kọjú sí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá fi ń ta ayò pẹ̀lú àbúrò wọn, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí iwájú rẹ̀, wọ́n ń retí kó rí ara rẹ̀, kó lọ dá pèrègún padà fúnra rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo sunkún nítorí Bàbá, mo sunkún nítorí Bàbá Kékeré, mo sì sunkún nítorí gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa wọn.

"Ọ̀dà ewé díẹ̀ ló máa gbà kí wọ́n tó pa mí rẹ́ níbẹ̀," Bàbá Kékeré ní. "Wọn ò pa mí rẹ́. Wọ́n yà mí débi tí èmi nìkan á fi mọ ara mi."

Mo dìde lọ wò ó. Mo wò ó nítòsí, mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ni mo rí.

Wọ́n béèrè bóyá lóòótọ́ ni mo fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ọkàn wọn balẹ̀, n kò ní fi ti àárọ̀ yìí sí i. Wọ́n mi orí.

"Fi í sí i," wọ́n ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi rù ú tó."